Bí Ilé-Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà bá Yà sí Ọ̀nà Ayò: Àhesọ, Ìméfò àti Ọ̀rọ̀ tí a ó fi Sọ Ọ́

Ní àdúgbò Yemẹtu ní Ìbàdàn, ní ìwọ̀n ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, oríṣi ibi ìtayò méjì ni ó wà. Èkíní ni abẹ́ ìbòòji tí àwọn àgbà ọkùnrin ti ń gbé ọpọ́n kalẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí àwọn òǹwòran a sì máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọn a máa kan sáárá sí ọ̀ta. Èkejì ni ṣọ́ọ̀bù kékeré tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń sanwó láti jókòó síwájú tẹlifíṣàn, tí wọ́n di páàdì mú lọ́wọ́, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò sí lórí pápá kankan. Wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́ ní ayò, wọ́n ń pe ti èkejì ní géèmù. Bí olùkọ́ èdè Yorùbá bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ohun tí géèmù ń jẹ́ ní Yorùbá, ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni pé géèmù náà ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ èdè-ìperí. Ó ti pẹ́ tí ìròyìn ti ń jáde lóòrèkóòrè pé ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà yà sí ọ̀nà géèmù, orúkọ Apple sì ni ó máa ń wáyé jù lọ. Òǹkàròyìn orí rédíò tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó bọ́ sórí afẹ́fẹ́ kò ní àyè láti tú ìwé. Bí ó bá tilẹ̀ ní àyè, ibo ni yóò tú? Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti ìdìpọ̀ kejì ní 1990, ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó jẹ àwọn onímọ̀ náà lógún. Géèmù orí ẹ̀rọ kò sí lára ẹrù tí a gbé lé wọn lórí. Nítorí náà, gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ pé àwọn ènìyàn ń rò ó pé Apple lè ṣe ẹ̀rọ géèmù kó ìdè méjì lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ irú ìrònú bẹ́ẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe ohun tí wọ́n ń rò náà.

Ti ìrònú ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ní níbẹ̀, àwọn olùtumọ̀ òde òní sì ń fi ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe àbá, bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Àhesọ ni ọ̀rọ̀ tí kò ní baba. Ó ń ti ẹnu dé ẹnu, bí a bá sì béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, olúkúlùkù a máa nawọ́ sí ẹlòmíràn. Ìméfò yàtọ̀ sí i. Ẹni tí ó ń méfò ní ohun tí ó ń wò kí ó tó sọ̀rọ̀: ó rí ìkùukùu, ó ní òjò yóò rọ̀. Ó lè kùnà, ṣùgbọ́n ó lè tọ́ka sí ìkùukùu náà fún ẹni tí ó bá bi í. Ní ti àbá, ẹni tí ó ń dá a ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń gbèrò tàbí ohun tí ó fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Bí òǹkàròyìn bá wí pé “wọ́n dá a lábàá ní Apple pé kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ géèmù,” ohun tí olùgbọ́ yóò gbọ́ ni pé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ti jókòó lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan tí kò dé ẹnu ọ̀nà wọn rí ni ó kàn ń méfò. Ẹni tí ó fẹ́ ra ìpín ìdókòwò, tàbí ẹni tí ó ń tọ́jú owó láti fi ra ẹ̀rọ tuntun fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lè tìtorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí fi owó rẹ̀ ṣòfò. Èyí tí ó bá ní ẹ̀rí lẹ́yìn ni kí a pè ní ìméfò. Èyí tí kò ní, kí ó máa jẹ́ àhesọ.

Ìkùukùu wo ni àwọn tí ń méfò nípa Apple ń wò? Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí géèmù bí àwọn ènìyàn ti ń rò. Kí Steve Jobs àti Steve Wozniak tó dá Apple sílẹ̀ ní 1976, wọ́n ti bá ilé-iṣẹ́ Atari ṣiṣẹ́ lórí géèmù kan tí ń jẹ́ Breakout. Nígbà tí Apple II jáde ní 1977, ó ní àwọ̀, ó ní ohùn, ó sì ní ojú ibi tí a lè so ohun ìdarí géèmù mọ́. Wozniak fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé torí kí Breakout lè ṣeé ṣe lórí rẹ̀ ni òun ṣe fi púpọ̀ nínú wọn sí i. Ní 1996, Apple àti ilé-iṣẹ́ Bandai ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Pippin jáde. Dọ́là 599 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà, ní ọdún kan náà tí PlayStation ti Sony wà lórí àtẹ ní dọ́là 199. Nǹkan bí 42,000 péré ni a gbọ́ pé ó tà kí Apple tó pa iṣẹ́ náà tì ní 1997. Pippin kò mọ ohun tí ó jẹ́: ó fẹ́ jẹ́ kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ jẹ́ ẹ̀rọ géèmù, owó tí wọ́n sì ń dá lé e jẹ́ ti kọ̀ǹpútà.

Apple nìkan kọ́ ni ó ti fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà yìí. IBM kéde kọ̀ǹpútà kékeré kan fún ilé àti fún eré àwọn ọmọdé, PCjr, ní 1983. Nígbà tí ó di 1985, ó ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Commodore, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti 1982 gbajúmọ̀ láàárín àwọn tí ń ta géèmù, gbé ẹ̀rọ géèmù gidi jáde ní 1993, ilé-iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè kú ní 1994. Ẹni tí ó la ọ̀nà náà já ni Microsoft, tí Xbox rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá 2001, ṣùgbọ́n Microsoft kì í ṣe alágbẹ̀dẹ kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ètò tí ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni ó ń tà. Owó tí ó sì fi là á já kì í ṣe kékeré. Ní 2007 nìkan, ó ya iye tí ó lé ní bílíọ̀nù dọ́là kan sọ́tọ̀ láti fi tún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ṣe.

Kí ló dé tí ó fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá tú ikùn àwọn méjèèjì sílẹ̀, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ géèmù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọpọlọ tí ń ṣírò wà nínú méjèèjì, ibi ìrántí wà níbẹ̀, apá tí ń ya àwòrán sí ojú tẹlifíṣàn náà wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti àkókò. Ètò tí a fi ń kọ lẹ́tà lè dúró díẹ̀ kí ó tó dá òǹkọ̀wé lóhùn; ó lè bí i nínú, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò ní bàjẹ́. Géèmù bọ́ọ̀lù kò lè dúró. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ya àwòrán tuntun nígbà 30 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, láàárín àwòrán kan sí èkejì ni ó sì gbọ́dọ̀ wo páàdì, kí ó mọ ohun tí àtàǹpàkò ọmọ náà ṣe, kí ó ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí. Bí ó bá pẹ́, ojú a rí i, ọwọ́ a sì mọ̀ ọ́n.

Ìyàtọ̀ kejì jẹ́ ti òwò, òun sì ni ó pa àwọn tí ó kú. Ẹni tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà ń jèrè lára ẹ̀rọ tí ó tà. Lẹ́yìn tí ó bá ti tà á tán, ẹni tí ó bá wu olówó rẹ̀ ni ó lè ra ètò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù ń fi ẹ̀rọ ta ọ̀pọ̀, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń pàdánù lórí rẹ̀, nítorí pé kò sí géèmù tí yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tí a ó tà tí kò ní gba tirẹ̀ níbẹ̀. Ó dà bí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbẹ́ ọpọ́n ayò, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í ta ènìyàn lọ́rẹ, ṣùgbọ́n tí ó ṣe ojú ọpọ́n náà lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé ọmọ ayò tí òun nìkan ń tà ni ó lè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún jèrè lára ọpọ́n kì í fi ìrọ̀rùn gbà kí ọpọ́n di ohun tí a ń pàdánù lórí rẹ̀.

Ohun tí ó tún gbé ìméfò náà dìde ní ọdún àìpẹ́ yìí ni pé Apple bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 2020, ọpọlọ náà sì lágbára gan-an ní ti yíya àwòrán. Ó ti dá Apple Arcade sílẹ̀ ní 2019, níbi tí ènìyàn ti ń san àsanlé oṣooṣù láti ta géèmù. Ní 2023, ó gbé ohun èlò kan jáde tí ó ń ran àwọn tí ó ti ṣe géèmù fún Windows lọ́wọ́ láti kó o wá sórí Mac, ní ọdún kan náà tí ó sì kéde pé àwọn géèmù ńlá tí a ṣe fún PlayStation àti Xbox yóò máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù iPhone 15 Pro. Ìkùukùu náà ṣú, a kò lè sẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, ìkùukùu mìíràn wà ní apá kejì ojú ọ̀run. Nígbà tí ẹjọ́ Epic àti Apple dé iwájú ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní California, ìdájọ́ tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2021 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé sí ìtajà ètò fóònù Apple ni ó ń ti ọ̀dọ̀ géèmù wá, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni Apple ń sábà gbà lórí ohun tí a bá tà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé Apple ti wà nínú òwò géèmù tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọlọ́jà. Oníbodè ni. Ní ayé àtijọ́, oníbodè kì í dáko, kì í wun aṣọ, kì í ru ẹrù. Ó jókòó sí ẹnubodè ìlú, gbogbo ẹni tí ó bá ru ẹrù kọjá sì ń san owó ibodè fún un. Ta ni yóò wá sọ fún oníbodè pé kí ó lọ máa dáko? Lójú ẹni tí ó bá wo owó, ìméfò pé Apple yóò tún ṣe ẹ̀rọ géèmù tí ó dá dúró bíi Pippin kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó. Fóònù tí ó wà lápò ni ẹ̀rọ géèmù rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Nàìjíríà náà ní àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà. Zinox bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní 2001. Omatek, tí olóògbé Florence Seriki dá sílẹ̀, ń to tirẹ̀ ní Èkó. Ọ̀dọ̀ ìjọba, ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ni oúnjẹ irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà: Zinox wà lára àwọn tí ó pèsè ẹ̀rọ tí wọ́n fi forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀ ní 2011. Ẹni tí ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ẹ̀rọ láti òkè òkun pẹ̀lú dọ́là kò lè máa ta ẹ̀rọ ní ìpàdánù fún ọdún márùn-ún kí ó tó jèrè. Bí wọ́n bá máa yà sí ọ̀nà ayò rárá, ẹ̀yìn ilé-ìwé ni wọn yóò gbà wọlé.

Irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti ṣí rí. Ní oṣù kẹfà 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama: kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí a kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí nínú. Oríṣiríṣi awuyewuye ni ó tẹ̀lé ètò náà, kì í sì í ṣe ibí ni a ó ti parí rẹ̀. Ohun tí ó kan èdè-ìperí ni orúkọ tí a sọ ọ́. Kò sí ọmọ tí a ní láti ṣàlàyé fún. Ọpọ́n jẹ́ ohun pẹlẹbẹ tí a fi igi gbẹ́, tí a ń gbé iṣẹ́ lé lórí; ọpọ́n Ifá wà, ọpọ́n ayò wà, èyí wá di ti ìmọ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò wo bí ẹ̀rọ náà ti yára tó. Ọ̀rọ̀ ayára-bí-àṣá tí a fi ń pe kọ̀ǹpútà jẹ́ oríkì dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń yára pọ̀ láyé, àṣá alára kò sì lè ṣírò. Ọpọ́n sọ ohun tí nǹkan náà wà fún.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí kò ṣe ẹ̀rọ rárá. Ní 2012, Abíọ́lá Ọláníran, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀, ó sì ń ṣe géèmù fún fóònù Windows ti Microsoft. Ní 2014, ìwé ìròyìn Forbes kọ ọ́ pé ó lé ní ìgbà mílíọ̀nù 9 tí àwọn ènìyàn ti gba àwọn géèmù náà sórí fóònù wọn. Ṣùgbọ́n fóònù Windows kò rọ́wọ́ mú. Nígbà tí 2019 fi máa parí, Microsoft ti ti ìlẹ̀kùn ìtajà Windows Phone 8.1 pa. Ẹni tí ó mọ ayò í ta kò lè ta á bí ọlọ́pọ́n bá ká ọpọ́n rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí kò wáyé fún ẹwà èdè. Bóyá òun ni ó tú ìdè kejì. Àwọn kan ti ń lo eré fún géèmù, ṣùgbọ́n ẹrù ti pọ̀ lórí eré: eré sísá, eré orí ìtàgé, eré ìdárayá, eré àwọn olórin. Ayò ni ó sàn jù. Àwọn tí ó bá takò ó yóò ní ayò kò ju ti ojúlé 12 àti ọmọ ayò 48 lọ, ṣùgbọ́n àwọn asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti yọ ọ́ kúrò nínú ọpọ́n náà láti ọjọ́ pípẹ́, nígbà tí wọ́n ń ka ayò mẹ́ta sí òdo, tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn jà. Ó sì ní ẹ̀yà ìṣe tirẹ̀, ta, tí a ń lò fún lúdò àti tẹ́tẹ́ pẹ̀lú. (Àwọn ọmọ Yemẹtu a máa sọ pé àwọn ń gbá géèmù, bọ́ọ̀lù ni ó kó wọn dé ibẹ̀, torí náà ni.) Kò sì sí àbùkù nínú kí ayò bá kọ̀ǹpútà rìn. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà tí ó ní ọpọlọ 144 ṣírò gbogbo ìjókòó 889,063,398,406 tí ó lè wáyé nínú ìbátan ayò wa kan tí wọ́n ń pè ní awari. Wákàtí 51 ni ó gbà á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀ta tí kì í ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni wọn yóò ta.

Irú ayò wo ni kí a wá pe géèmù? Ẹni tí ó bá rántí eré àgbéléwò lè fẹ́ sọ ọ́ ní ayò àgbéléta, èyí tí a gbé ilé ta. Ó dùn ún gbọ́, ìlànà ìṣẹ̀dá rẹ̀ sì tọ́, àfi pé ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i dáadáa yóò sọ ọ́ di ohun tí a gbé ilé tà. Àléébù rẹ̀ gan-an ni pé kì í ṣe òótọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ọmọ náà ti ń ta á, inú ọkọ̀ ni àwọn mìíràn ti ń ta á lórí fóònù. Ayò orí ẹ̀rọ kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Páàdì ni kí ó máa jẹ́ páàdì. Ọ̀rọ̀ náà ti di tiwọn, ohùn Yorùbá sì ni wọ́n fi ń pè é.

Ní ti ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ ayò ti tó. Ọpọ́n ni kí a fi sílẹ̀ fún ohun tí kò ní orúkọ títí di ìsinsìnyí: kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè gbé, bí kò ṣe gbogbo ètò, òfin àti ìtajà tí ẹnì kan ní, tí géèmù ẹlòmíràn kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí lórí rẹ̀. Ọpọ́n ni Windows Phone jẹ́ fún Gamsole. Microsoft sì ni ọlọ́pọ́n. Olùtumọ̀ tí ó bá lo ọ̀rọ̀ méjì yìí lè sọ ìméfò nípa Apple ní gbólóhùn kan tí ìyá aláta ní Bẹẹrẹ yóò gbọ́: Apple ti ní ọpọ́n, ohun tí àwọn kan ń méfò ni pé yóò tún ṣe ẹ̀rọ ayò. Ìdààmú kan ṣẹ́kù, èyí tí àwọn olùkọ́ ní Ọ̀ṣun yóò tètè rí. Ẹ̀rọ tí a lè gbé lọ́wọ́ ni Ọpọ́n Ìmọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó lò ó sì ti di géńdé báyìí. Bí wọ́n bá gbọ́ ọpọ́n, pẹlẹbẹ tí ó wà nínú àpò ìwé wọn nígbà náà ni yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn.